Ilẹ̀kùn Tó Ń Gba Ọwọ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ la etí yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ra, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, etí ló ń fẹ́, ọwọ́ ló ń jí. Adépéjú, ìwọ ọmọ yunifásítì tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o wí. O ní o ń kàwé fún oyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà, o ní o fẹ́ gba ìtàn lọ́wọ́ mi, o wá tẹ́ bébà sórí tábìlì, o ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ sí i." Mo rí i pé ó yà ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Èmi Ọdẹ́yalé rè é o, èmi tí ẹfọ̀n rí lójú ọ̀nà oko tó yà sígbó, èmi tí mo sùn lórí ẹ̀ka igi tí mo ń hanrun nígbà tí ẹkùn ń yọ́ kiri nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè já mi láyà lókè eèpẹ̀ ni "fọwọ́ sí i." Gbọ́ ìdí rẹ̀ kí o tó bínú sí mi.

Ọmọbìnrin agbẹ́gilére kan wà ní Ìdí-Ìrẹ̀, ìlú ìyá mi. Ọnàwùmí ni wọ́n ń pè é. Ilé wọn ni wọ́n ti ń gbẹ́ òpó ààfin láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọmọdé ilé náà á sì ti mọ igi ìrẹ̀ yàtọ̀ sí igi apá kó tó mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyàwó bàbá rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọnàwùmí. Òsì ló fi ń di àáké kékeré mú, òsì ló fi ń fín igi, òun náà ló fi ń ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa. Ìyá rẹ̀ a gbá a lọ́wọ́ bó bá fi òsì gba ẹ̀kọ, bàbá rẹ̀ a ní ọmọ àlè ní í fi òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà wá ohun tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Lójú ènìyàn, ọ̀tún ni. Bó bá kẹ̀yìn sí wọn tó kọjú sí igi, ó di òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà tí kò sí ará ìta kan tó rí i rí níbi tó ti ń gbẹ́gi. Ẹ fi èyí sí ìsàlẹ̀ àpò yín, a máa padà wá bèèrè rẹ̀.

Ó kàwé, ó gba oyè àkọ́kọ́, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Àfi bí àṣẹ ṣe dé lọ́jọ́ kan pé ẹni tí kò bá ní oyè kejì kò ní dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọnàwùmí gbà pé òun gbọ́dọ̀ lọ kún ìmọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ayé ń yìn nígbà náà ni Yunifásítì Igbó Apá, lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ọdẹ parí sí. Ibẹ̀ gan-an sì ni Ajíbọ́nà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti gba oyè tirẹ̀ bọ̀.

Hẹ̀n, Ajíbọ́nà! Kó tó lọ síbẹ̀, bó bá gbẹ́ ajá sílẹ̀, ológbò á sá gun àjà. Nígbà tó dé, ó wọ aṣọ oyè gígùn, a jó, a yọ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, ó gbé àáké lé itan, kò sì gbẹ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí Ọnàwùmí lọ bá a pé òun náà fẹ́ lọ, ńṣe lomi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àbúrò mi, má lọ."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé n kò ní sọ fún ọ? Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n kọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n mo gbé ọwọ́ mi lọ, n kò gbé e bọ̀."

Ọnàwùmí wo àáké tó wà lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Páńsá ò fura, páńsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ti ń fún ni lóyè tí wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni? Láti ọjọ́ náà ni ohun tó ń wá lọ ti di méjì: oyè tí yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èmi ni wọ́n bẹ̀ pé kí n mú un la igbó já, àbí ta ni ẹ tún rò pé wọn ì bá bẹ̀? Mo kìlọ̀ fún un pé kó má fọkàn tán ohunkóhun tó bá rẹ́rìn-ín sí i kó tó mọ orúkọ rẹ̀. A kò tí ì rìn jìnnà tí iwin kan fi dínà fún wa. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ojú tirẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ ríran, á dùbúlẹ̀ gbalaja, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ó ní òun gbọ́ pé ayàwòrán ni Ọnàwùmí, kó ya òun kíákíá. "Bí o bá yà mí ní arẹwà, irọ́ lo pa, n ó jẹ ọ́. Bí o bá yà mí bí mo ṣe rí, o bú mi, n ó jẹ ọ́." Èmi ti wà lórí igi ní tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọdẹ tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ogun láti òkè! Ọnàwùmí wo iwin yìí títí, ó fura pé ẹni tó ń bèèrè bí òun ṣe rí kò rí ara rẹ̀ rí. Ó kẹ̀yìn sí i, ó mú ẹfun, ó ya ojú ọ̀run pẹ̀lú ewé orí igi sára èèpo igi kan, ó sì gbé e ka iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìwọ rè é," ló wí. "Ohun tí o ti ń wò láti ọjọ́ tí o ti dáyé ni mo yà." Iwin wò ó, ó bú sẹ́kún, ó ní ẹnikẹ́ni kò mọ òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó yẹra fún wa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì fún ọmọ náà ní ìmọ̀ràn púpọ̀ lórí ìgboyà.

Ibi tí a tún yọ sí ni Ìlú Alárìíwísí. Gbogbo ará ìlú náà ló ki ọwọ́ bọ inú agbádá tí wọn kò yọ ọ́ síta, ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wo ìbọn mi, wọ́n ní kò ní ìtumọ̀. Wọ́n wo bàtà Ọnàwùmí, wọ́n ní kò jinlẹ̀. Wọ́n wo oòrùn pàápàá, wọ́n ní ó ti ń tún ara rẹ̀ sọ jù. Ọnàwùmí bi wọ́n pé iṣẹ́ ta ni wọ́n wá gbà pé ó dára. Gbogbo wọn tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tẹ̀lé wa jáde sí ẹ̀yìn odi. Amọ̀kòkò ni òun nígbà kan, ó ní ìkòkò òun a máa dún bí agogo. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àlọ́ o."

"Àlọ̀," ni Ọnàwùmí dáhùn.

"Ó lajú, kò sùn. Kò lápá, ó ń gba ọwọ́. Kí ni o?"

"Ìyá, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ já a fún mi."

"Wọ́n ti mú mi búra ní yunifásítì yẹn pé n kò gbọdọ̀ já a. Ká ní mo já a nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ ni, ilé ọkọ mi ni ǹ bá wà lónìí, ǹ bá máa mọ ìkòkò mi." Ìyá náà ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó padà sí àárín àwọn tó ń bú oòrùn.

Nígbà tí a dé ẹnu ibodè yunifásítì náà, mo ti ń wá igi tí n ó gùn. Ilẹ̀kùn ńlá kan ni, odidi igi apá ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì gbẹ́ ojú ènìyàn kún ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ojú náà ló là sílẹ̀ kedere. Bàbá oníbodè kan jáde, funfun ni irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rín ló ti ń rín kó tó yọ. Ó wò mí, ó ní ọdẹ kò ní nǹkan tí àwọn ń wá, kí n dúró síta. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì wà nínú mi dòní. Ó wá yíjú sí Ọnàwùmí.

"Káàbọ̀, ọmọ mi dáadáa. Fọwọ́ sí i."

"Bébà dà, bàbá?"

"Níhìn-ín, ilẹ̀kùn ni bébà wa."

Ọnàwùmí wo àwọn ojú wọ̀nyẹn, inú rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí kò bá wọlé, kò sí oyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jókòó sábẹ́ ọ̀dán títí tí ilẹ̀ yóò fi pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kì í dúró de ìrònú. Àgbàlagbà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Kó tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, ó na ọ̀tún, ó sì fi lé ilẹ̀kùn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì pé àwọn ojú náà ṣẹ́jú. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í purọ́.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un, ọwọ́ ọ̀tún kò mọ ọ̀nà ẹnu mọ́. Ó gbé òkèlè, ó gbé e lé àyà. Ó tún un gbé, ó kàn án mọ́ imú. Ẹ̀rù bà á gidigidi, ó sì fura pé nǹkan ti ṣe ọwọ́ òun níbi ilẹ̀kùn yẹn. Àmọ́ nígbà tó wọ inú àtíbàbà tí wọ́n fún un, tó kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, tó fi òsì mú àáké, igi gbọ́ràn sí i lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́wọ́-Igba. Iwin gíga kan tó jojú ní gbèsè ni, ó wọ agbádá tó ń wọ́lẹ̀, ó sì mọ gbogbo iṣẹ́ ọnà tó wà láyé yìí ṣe. Láràárọ̀ ni yóò máa lọ láti àtíbàbà dé àtíbàbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀ tẹríba, òun á sì gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní, "Ọwọ́ rẹ á mókè, ọmọ mi." Ó fẹ́ràn ìkúnlẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ lóòótọ́, Ọnàwùmí kò sì kọ́ irú ohun tó kọ́ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ọ. Igi lásán, Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbá a mú, á gbẹ́ ẹ kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Bí igi náà bá ti di ère báyìí, ọ̀pá ìtilẹ̀ ni yóò máa fi tọ́ka sí i láti òkèèrè. Òfin kan ṣoṣo ló sì ń fi ariwo pa fún wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ojú ère. Gbọ̀ngàn ńlá kún fún ère tó rẹwà, afọ́jú ni gbogbo wọn.

"Ọ̀gá," ni Ọnàwùmí wí lọ́jọ́ kan, "nílé wa, ojú la máa ń là gbẹ̀yìn. Ère tí kò bá lajú, iṣẹ́ kò tí ì parí nìyẹn. Kí ló dé tí tiwa níhìn-ín kì í là?"

"Àṣà àtijọ́ nìyẹn. Ọ̀làjú ti kọjá ibẹ̀."

Ọnàwùmí wò ó. Ọ̀làjú wo ni kì í jẹ́ kí wọ́n lajú? Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì wò ó padà, nítorí òun pẹ̀lú ti ń fura. Ọwọ́ tuntun tó ń retí láti ara ọmọ agbẹ́gilére yìí kò ṣe bí ọwọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló gbé ọ̀bẹ níwájú kíláàsì láti fín igi, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ̀fọ́ tí kò sí níbẹ̀. Ó tún un gbé, ó rí i pé ìró lòun ń ká mọ́ ìdí.

"Ọnàwùmí, iṣẹ́ wo lọwọ́ rẹ mọ̀ ṣe gan-an?"

"Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun, tí mo fi ń kí àgbà náà ni, ọ̀gá mi."

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bèèrè yìí ló já àlọ́ fún un. Ó rìn lọ sẹ́yìn ibodè, ó wo ilẹ̀kùn apá. Ó lajú, kò sùn. Kò lápá, ó ń gba ọwọ́. Nínú gbogbo igi tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀, òun nìkan ló ní ojú! Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀lé èrò lásán. Ó gbẹ́ ẹyẹ kékeré kan, ó la ojú rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ọ̀bọ kan wá, ó fọwọ́ lé ẹyẹ náà lórí kó lè rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú. Ó mú un tán, kò lè bó o mọ́. Ó ń yí i, ó ń gé e jẹ tèèpo-tèèpo. Lákòókò kan náà ni ọwọ́ ọ̀tún Ọnàwùmí tó ti gọ̀ ta kìjí, ó gbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn mú, ó bó o wàràwàrà. Ó yé e wàyí pé ohun tí igi tó lajú bá gbà, ti ẹni tó gbẹ́ igi náà ni. Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀bọ sì bá ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ọ̀tún tirẹ̀ tún gọ̀ padà.

Ó jókòó, ó ronú. Ta ni yóò wá sọ fún Ọlọ́wọ́-Igba pé kó fọwọ́ lé ère tó lajú? Ẹni tó bá ń gba ìkúnlẹ̀ lójoojúmọ́ kì í wo ojú ẹni tó kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọnàwùmí ti mú un. Ó gbé igi, ó kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ obìnrin kan tó kúnlẹ̀ tó tẹríba. Òun fúnra rẹ̀ gan-an ló ń gbẹ́. Ó fín irun ṣùkú tó wà lórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbẹ́ ọrùn, ó gbẹ́ egungun èjìká, ó fi osùn àti èédú po àwọ̀ tó bá awọ ara rẹ̀ mu. Kò gbẹ́ nǹkan tó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí bí èjìká kan bá yàtọ̀ díẹ̀, ọwọ́ òsì náà yóò bá ti ọ̀tún lọ.

Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá pé, ọyẹ́ ń fẹ́, kùrukùru bo ilẹ̀. Ọnàwùmí wọ aṣọ ara rẹ̀ fún ère náà, ó gbé e síbi tí òun máa ń kúnlẹ̀ sí, ó la ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó gbé àgbọ̀n sókè bó ti máa ń ṣe.

"Ọnàwùmí, ọmọ mi, ọwọ́ rẹ á mókè." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

Igi gbà á. Ọlọ́wọ́-Igba ké tòò, ó fẹ́ fa ọwọ́ yọ, kò yọ, àfìgbà tí gbogbo ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ ti ṣàn tán sínú ère. Ìdè tó so ilẹ̀kùn apá mọ́ ọn náà já, gbogbo ojú ara ilẹ̀kùn náà pa dé. Apá Ọnàwùmí wúwo lójijì, ó sì jáde síta.

"Ta ló ní kí o la ojú ère?" Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rọ̀. "Báwo lo ṣe gbẹ́ ẹ? Mo ti gba ọwọ́ rẹ!"

Ọnàwùmí yọ òsì jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò nà án síwájú àgbàlagbà. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èyí ni mo fi ń gbẹ́gi. Ìyá mi ló kọ́ mi pé a kì í na òsì sí àgbà, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i gbà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí, ó wá yíjú sí ère. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́, kódà bó jẹ́ olè. "O yege," ló wí. "N kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ wàyí? Ọwọ́ mi ti ṣófo." Ọnàwùmí ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ère náà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn.

Ó bọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, oníkálùkù gba tirẹ̀. Nígbà tó jáde sí mi, ọwọ́ àwọn tó ti lọ tipẹ́ ṣì kún ara rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti iwin lọ. Ó ń rìn, ó ń fi ọ̀bẹ fín ọ̀pá kan fún mi, ọ̀nà márùn-ún tí ìlú márùn-ún fi ń fín igi ló sì wà lára ọ̀pá kan náà. Mo rí i tó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá ọdẹ," ló wí, "kò sóyè, kò síṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa gbogbo ọwọ́ yìí mọ́, ta ni yóò tún bi mí léèrè oyè? Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi ńkọ́?"

"Bí ẹ̀yin náà bá dákẹ́?"

Mo di ìbọn mi mú, mo jẹ́ kó máa lọ níwájú. Ní Ìlú Alárìíwísí, ó kọjá lára ìyá amọ̀kòkò, mo ní ó tán. Ó tún dúró, ó padà. Ìyá náà gba ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn yòókù dẹ́kun àríwísí, wọ́n yọ ọwọ́ nínú agbádá, wọ́n tò síwájú Ọnàwùmí lọ́kọ̀ọ̀kan.

A dé Ìdí-Ìrẹ̀. Ajíbọ́nà wà lábẹ́ ọ̀dán, àáké wà lórí itan. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kù lára àbúrò rẹ̀, òun ló sì dára jù nínú gbogbo wọn. Ọnàwùmí kúnlẹ̀.

"Ṣé o gba oyè?" ni Ajíbọ́nà bèèrè.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò sì ní gbà mí síṣẹ́ mọ́."

"Kí wá lo mú bọ̀?"

Àbúrò kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n, ó sì ti fi ẹ̀kọ́ ilé lọ, ẹ̀kọ́ ilé ló fẹ́ fi bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń dúró. Ìtìjú kò jẹ́ kí Ajíbọ́nà yọ ọwọ́ tó ti ṣófo síta. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi. Nígbà tó yá, ó rí i pé orúnkún àbúrò òun ti wọnú iyẹ̀pẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é, ó na ọwọ́ láti fà á dìde.

"Dìde nílẹ̀, Ọnàwùmí. Kò sóhun tó bàjẹ́."

Ọnàwùmí gbá ọwọ́ náà mú. Ajíbọ́nà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀, ó gbé àáké, ó sì sán an mọ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti inú ilé ni bàbá wọn, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ti kígbe pé, "Ta nìyẹn? Ọwọ́ Ajíbọ́nà mà nìyẹn!" Ọnàwùmí sunkún títí, ó nu ojú, ó fi òsì mú àáké tirẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Adépéjú, ìtàn mi dé òpin, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi gbé e fún ọ. Mo rí i pé o tún ti bébà náà sún mọ́ mi, o ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Kọ́kọ́ gbé bébà yẹn kúrò ná, kí o yí tábìlì náà padà, kí n wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó lójú.